Wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ màmá, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ká

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹni ọdún 58 ni màmá mi, òwú ìhunṣọ ni wọ́n ń tà. Oṣù karùn-ún rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n yìnrìnyìnrìn, tí ọwọ́ wọn méjèèjì sì ká wọnú. Wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù, ó sì lọ. Oògùn tí wọ́n kó fún wa tán lẹ́yìn oṣù méjì, a kò rà á mọ́ torí pé ara wọn ti yá. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni nǹkan náà ti padà dé. Lọ́jọ́ kan tí nọ́ọ̀sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ẹ̀rọ náà ṣì wà lápá wọn tí ọwọ́ fi ká. Àyẹ̀wò fi hàn pé kálísíọ̀mù wọn jẹ́ 1.72. Hóró funfun tí àwọn aláboyún ń lò ni à ń rà fún wọn ní kẹ́mísì, méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú mílíìkì. Ti àárọ̀, pẹ̀lú oògùn táírọ́ìdì àti omeprazole tí wọ́n ń lò fún ọ́lísà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń fi ògì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Aládùúgbò wa ní ká lọ èèpo ẹyin sínú ògì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kálísíọ̀mù ń dá òkúta sínú kíndìnrín, ká jáwọ́. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ṣé wọ́n ṣèèṣì gé nǹkan mìíràn ni? Ṣé oúnjẹ kò tó? Ṣé títí ayé ni wọn yóò máa lo oògùn? Ààwẹ̀ sì ń bọ̀, wọ́n ní àwọn yóò gbà á."

Kí n tó dá yín lóhùn rárá, ẹ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ẹ má dúró kí ẹ ka ohun tí mo kọ yìí tán, ẹ lè kà á nínú ọkọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, kálísíọ̀mù máa ń wà láàárín nǹkan bíi 2.1 sí 2.6 mmol/L. Láàbù mìíràn máa ń fi mg/dL kọ ọ́. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, 1.72 ti màmá yóò di nǹkan bíi 6.9, ẹ má rò pé ó ti gòkè. Tí ó bá ti wálẹ̀ kọjá 1.9 tí ọwọ́ sì tún ń ká, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Òótọ́ ni pé apá tó pọ̀ nínú kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ló ń so mọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ albúmínì, bí albúmínì bá sì kéré, bébà láàbù yóò mú kí kálísíọ̀mù dà bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ albúmínì náà wò. Ṣùgbọ́n bébà nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ màmá ń sọ ohun kan náà. Bí ohùn wọn bá há, tí mímí wọn ń dún bíi fèrè, tí àyà wọn ń já, tí wọ́n dákú, tàbí tí gìrì mú wọn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jíròrò mọ́, ẹ sáré.

Bí mo ṣe gbọ́ lẹ́tà yín, ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ ń kó kálísíọ̀mù sí màmá lára, ẹ kò sì mọ ibi tó ń gbà jáde. Ẹ ti wá a nínú mílíìkì, ẹ ti fẹ́ wá a nínú èèpo ẹyin, àwọn kan sì ti ń nawọ́ sí ilé àwọn ọ̀tá. Kálísíọ̀mù kò tán lára màmá. Àgbàlagbà kan ní tó kílógíráàmù kan rẹ̀ nínú ara, 99 nínú 100 rẹ̀ ló sì wà nínú egungun àti eyín. Ìwọ̀nba bíńtín tó kù ni ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ń pín lò. Àká màmá kún dẹ́nu. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ àká náà mú ni kò sí nílé.

Ẹ fọwọ́ kan gògóńgò yín, kí ẹ wá sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni táírọ́ìdì wà, òun ló máa ń wú tí a fi ń pè é ní gẹ̀gẹ̀. Wóró kéékèèké mẹ́rin ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju wóró ìrẹsì lọ. Paratáírọ́ìdì ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà, iṣẹ́ wọn kò kan ti táírọ́ìdì rárá. Ọdún 1880 ni Ivar Sandström kọ̀wé láti Uppsala ní Sweden pé òun rí wọn lára ènìyàn. Láyé ìgbà náà, àwọn kan tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ wọn ní Yúróòpù ń kú pẹ̀lú ọwọ́ kíká àti gìrì, àwọn tó gé e kò sì mọ ohun tó pa wọ́n. Ó di 1909 kí William MacCallum àti Carl Voegtlin tó fi hàn ní Baltimore ní Amẹ́ríkà pé ajá tí wọ́n ti yọ wóró wọ̀nyí lára rẹ̀, bí wọ́n bá fún un ní kálísíọ̀mù, gìrì rẹ̀ yóò dáwọ́ dúró. Họ́mọ̀nù kan tí bébà láàbù ń pè ní PTH ni wóró wọ̀nyí ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń sọ fún egungun pé kó yọ̀ǹda díẹ̀, òun ló ń sọ fún kíndìnrín pé kó má tọ kálísíọ̀mù dànù, òun kan náà ló sì ń mú kí kíndìnrín sọ fítámì D di èyí tí ìfun lè fi fa kálísíọ̀mù láti inú oúnjẹ. Ẹ wò ó, iṣẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ẹni yẹn bá dákẹ́, oúnjẹ ń wọlé, kò dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nba tó dé ibẹ̀, ìtọ̀ ń gbé e lọ.

Ṣé wọ́n ṣèèṣì gé wọn ni? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pariwo. Wóró wọ̀nyí jọ ọ̀rá lójú, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ wọn sì ń gba ara táírọ́ìdì kọjá. Gẹ̀gẹ̀ tó bá tóbi máa ń fà wọ́n kúrò láyè wọn, dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lè yọ gẹ̀gẹ̀ náà láìgé ìkankan nínú wọn, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọn yóò wà níbẹ̀, wọn kò ní lè ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ̀bi lójú tèmi, ẹ̀bi náà kò sí lẹ́nu abẹ, ọjọ́ tí wọ́n dá yín sílẹ̀ láti máa lọ sílé ló wà. Ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì yín kó ní: oògùn yìí kò gbọdọ̀ tán lọ́wọ́ yín, ara yíyá màmá kò sọ pé ẹ lè jáwọ́, oògùn náà gan-an ni ara yíyá ọ̀hún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí kálísíọ̀mù bá kéré, ńṣe ni ara yóò kàn rẹ ènìyàn. Ti iṣan kì í rí bẹ́ẹ̀. Kálísíọ̀mù ni ìjánu iṣan. Bí ó bá dín kù, iṣan á di ẹṣin tí wọ́n tú ìjánu lẹ́nu rẹ̀, ohun tí kò tó nǹkan ni yóò fi bẹ́. Ìdí nìyẹn tí ètè fi ń ṣe yìnrìnyìnrìn, tí pajápajá fi ń mú ẹsẹ̀, tí ọwọ́ fi ń ká. Ti ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn kì í ṣe àràmàǹdà. Armand Trousseau, dókítà ará Paris, ti kíyè sí i láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé bí wọ́n bá di apá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pinpin fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ yóò ká: àtàńpàkò á wọ àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka yòókù á nà papọ̀, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀. Ọwọ́ agbẹ̀bí ni àwọn àgbà dókítà ń pè é. Títí di òní, a ṣì ń fi ẹ̀rọ náà dán aláìsàn wò létí ibùsùn kí èsì láàbù tó dé. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé ayé máa ń dúró kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ di apá ènìyàn kí ó tó ṣọṣẹ́. Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Bí ọwọ́ bá ká, tí gbogbo ilé bá yí màmá ká pẹ̀lú igbe, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọn á máa mí gúlegúle. Irú mímí bẹ́ẹ̀ ń mú kí èyí tó wúlò nínú kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ tún dín kù sí i, ọwọ́ á sì ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ pa igbe rẹ́, ẹ ní kí wọ́n máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò hóró funfun yẹn, nítorí ibẹ̀ ni owó yín ń bá lọ. Calcium lactate 300 mg ló máa ń wà lára ike rẹ̀. 300 mg yẹn kì í ṣe kálísíọ̀mù pọ́ńbélé, ìdá 13 nínú 100 péré ni kálísíọ̀mù inú rẹ̀, ìyẹn 39 mg. Mẹ́fà lójúmọ́ jẹ́ 234 mg. Ẹni tí wóró ọrùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ sábà máa ń nílò 1,000 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ìyẹn yóò sì tó hóró funfun 26. Ta ló fẹ́ gbé 26 mì? Calcium carbonate ti yàtọ̀: èyí tí wọ́n kọ 1250 mg sí lára ní 500 mg kálísíọ̀mù pọ́ńbélé nínú. Ẹ máa ka ara páálí kí ẹ tó sanwó, nítorí àwọn mìíràn ń kọ gbogbo ìwúwo hóró síbẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ kálísíọ̀mù inú rẹ̀ nìkan.

Aládùúgbò yín kò purọ́ o. Èèpo ẹyin, calcium carbonate náà ni. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ iye tó wọ inú ṣíbí kan, pé èèpo tí a kò sè lè gbé kòkòrò àìsàn wọ ìfun, àti pé èyí tó dára jù nínú rẹ̀ pàápàá kò ní wọlé bí fítámì D tó ti jí, ìyẹn èyí tí kíndìnrín máa ń sọ di oníṣẹ́, kò bá sí. Mílíìkì ńkọ́? Nǹkan bíi 240 mg ló wà nínú ife 200 ml. Ó dára, ẹ má fi du màmá, ṣùgbọ́n fọ́sífétì inú rẹ̀ pọ̀, fọ́sífétì sì máa ń ga lára ẹni tí PTH rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ di oògùn. Bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣe wọ ọkàn aládùúgbò yín yé mi. Nílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ kan wà tí oúnjẹ gan-an ni ìṣòro wọn. Ní 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Jos lórí àwọn ọmọ tí egungun ẹsẹ̀ wọn rọ̀ tí ó sì tẹ̀. Kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bíi 200 mg lọ lójúmọ́, kálísíọ̀mù ló sì wò wọ́n sàn ju fítámì D nìkan lọ. Àká àwọn ọmọ yẹn ló ṣófo, ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ wà nílé. Irú wọn ni ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegun-teegun, edé àti wàrà lè gbà. Ti màmá yàtọ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, wọn yóò fún wọn ní calcium gluconate sínú iṣan. Bí èyí ṣe máa ń rí ni pé wọn á pò milílítà 10 rẹ̀ mọ́ omi dírípù díẹ̀, wọn á jẹ́ kó wọlé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn, lẹ́yìn náà wọn lè so dírípù tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kánjú wọn. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ dókítà kékeré, lóru ọjọ́ kan, mo ti abẹ́rẹ́ yìí wọ iṣan obìnrin kan láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí ẹkún ọmọ rẹ̀ ti dà mí lórí rú. Ìlù ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ níṣojú mi. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ gbá ọwọ́ mi kúrò, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin náà yè. Láti ọjọ́ náà, aago ni mò ń wò, n kì í wo ojú ẹbí. Bí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ wà bá ń ta màmá, kí wọ́n sọ ọ́ kíá, torí bí ó bá jò sábẹ́ awọ, ó lè jó ẹran ibẹ̀. Ẹ sì má jẹ́ kí ìrọ̀rùn tí abẹ́rẹ́ náà mú wá tàn yín: gbogbo kálísíọ̀mù inú milílítà 10 yẹn kò ju nǹkan bíi 93 mg lọ, wákàtí mélòó kan ni agbára rẹ̀ ń lò. Ó rà yín lákòókò ni, oògùn ẹnu ló ń ṣe ìyókù.

Oògùn ẹnu náà, méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni calcium carbonate, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú oúnjẹ, tí wọ́n ń pín sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí ìfun kì í lè gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìkejì ni fítámì D tó ti jí, calcitriol tàbí alfacalcidol, èyí sì ni mo fura pé ó wà nínú oògùn tí ẹ kò rà mọ́. Fítámì D lásán tí wọ́n ń tà káàkiri, àti oòrùn àárọ̀, PTH ni wọ́n ń retí kó jí wọn, kò sì sí PTH. Ẹ má ra calcitriol fúnra yín o. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an, àṣìṣe rẹ̀ sì tóbi. Ẹ tún ní kí wọ́n wo magnẹ́síọ̀mù màmá, nítorí bí ó bá kéré, wóró tó ṣẹ́kù pàápàá kò ní lè tú PTH sílẹ̀, ẹ ó máa da kálísíọ̀mù sínú agbọ̀n. Omeprazole tí wọ́n bá lò fún ìgbà pípẹ́ lè fa èyí, ó sì tún ń dín ásíìdì inú ikùn kù, ásíìdì yẹn ni calcium carbonate nílò kó lè yòrò. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ṣì nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, ẹ fi páálí rẹ̀ hàn: furosemide ń kó kálísíọ̀mù jáde, hydrochlorothiazide ń dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ gbígbé gbogbo oògùn mì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ẹ jáwọ́ níbẹ̀ láti ọ̀la. Kálísíọ̀mù máa ń di oògùn táírọ́ìdì mú nínú ikùn, oògùn náà kò sì ní wọ ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Kí màmá fi omi nìkan lo levothyroxine, ìyẹn oògùn táírọ́ìdì náà, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí wọ́n mu ògì ní bí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ láìfi kálísíọ̀mù sí i, kí kálísíọ̀mù wá bá oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ lọ. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Mílíìkì inú ògì náà lè dúró de ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yín mú ìdajì òtítọ́ lọ́wọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí PTH tí yóò sọ fún kíndìnrín pé kó dá kálísíọ̀mù dúró, bí a bá ń lé e gòkè títí yóò fi gún régé bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, ìtọ̀ yóò kún fún un, òkúta sì lè dà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í lé e débẹ̀. Nǹkan bíi 2.0 sí 2.2 ló tẹ́ mi lọ́rùn fún irú aláìsàn báyìí, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ kò bá ti ká. Àwọn ọmọ aláìsàn máa ń rò pé mò ń ṣe ìmẹ́lẹ́ nígbà tí mo bá wo 2.08 tí mo ní ó dára. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún ìwọ̀n oògùn ṣe, lẹ́yìn náà lóṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, pẹ̀lú iṣẹ́ kíndìnrín. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ màmá jù, tí wọ́n ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí inú ń rìn wọ́n, tí ìgbẹ́ kò wá, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ń dàrú, kálísíọ̀mù ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ padà lọ. Ṣùgbọ́n jíjáwọ́ pátápátá tí ẹ̀gbọ́n yín dábàá lè pa màmá kí òkúta tó ronú àtidá.

Títí ayé ni bí? N kò lè búra fún yín láti ibi tí mo jókòó sí. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe, wóró náà máa ń sọjí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ṣe ààlà, àwọn mìíràn máa ń dúró di ọdún kan kí wọ́n tó sọ pé títí ni. Màmá ti lo márùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n wọn PTH nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, wọ́n lè ní láti fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Bí ó bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, mo ní ìrètí, dókítà sì lè máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí rárá lẹ́yìn oṣù kẹfà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó oògùn sínú ìnáwó ilé. Abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù náà fúnra rẹ̀ ti wà, wọ́n fọwọ́ sí palopegteriparatide ní Yúróòpù ní 2023 àti ní Amẹ́ríkà ní 2024, ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín pé ó jẹ́ ohun tí mo lè kọ sí bébà fún ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn lónìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Lọ́dún yìí, rárá. Láti sààrì títí di ìṣínu jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí oògùn, ẹ̀jẹ̀ tó wà ní 1.72 kò sì ní irú àyè bẹ́ẹ̀ láti fi tọrẹ. Àwọn àáfà yín mọ̀ jù mí lọ pé Kùránì fún aláìsàn láyè láti san án padà nígbà tí ara bá yá. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀ tí ìwọ̀n wọn ti dúró sójú kan, dókítà lè wò ó bóyá oògùn náà ṣeé pín sí ìṣínu, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn àti sààrì. Bí màmá bá ní àwọn kò gbọ́, ẹ má bá wọn jiyàn nílé, ẹ mú wọn lọ bá dókítà wọn kí oṣù tó lé, kó bá wọn sọ ọ́ lójúkojú. N kò tíì rí ìyá tó gbọ́ tọmọ lórí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀.